Ta ni yóò bá ọmọ wa bẹ̀bẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ yìí, ẹ kú wàhálà ọmọ. Nínú ìwé tí ẹ kọ sí mi, ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 14, ya fídíò ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín, ó sì fi ránṣẹ́ káàkiri. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ní ìyẹn kì í ṣe ìyà, ìsinmi ni. Àfi kí òun nà án, bí kò bá sì gbọ́, kí òun gbé e lọ sí Nàìjíríà. Ọmọ wá ní wọ́n ti kọ́ àwọn ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jẹ ènìyàn níyà: láti gbẹ̀san, láti dẹ́rù ba àwọn yòókù, tàbí láti tún ìwà ẹni náà ṣe. Ó ní èwo ni Dádì fẹ́ ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹ òun níyà tán? Ẹ ní ẹ ò rí èsì fún un.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn. Ọmọ tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ tèmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì máa ń ka ohun tí wọ́n bá gbé wálé. Kant, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, gbà pé torí pé ènìyàn ṣẹ̀ nìkan la fi gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ níyà, kì í ṣe torí àǹfààní tí ẹlòmíì máa rí níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ní bí àwọn ará erékùṣù kan bá fẹ́ tú ká, kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ pa apààyàn tó kù lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó lọ. Bentham, onímọ̀ ará England, ní tirẹ̀ ní ìyà fúnra rẹ̀ burú, a ò gbọ́dọ̀ lò ó àfi bó bá máa dènà ohun tó burú jù ú lọ. Bí ọkọ yín bá ní “ó gbọ́dọ̀ dùn ún wọra”, ọ̀rọ̀ Kant ló ń sọ. Bó bá ní “kó má baà di ọmọ ìta lọ́la”, ti Bentham nìyẹn. Àwọn méjèèjì kì í ṣe òmùgọ̀, ọkọ yín náà kì í ṣe ìkà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà, ènìyàn méjì ni mo rí: ẹni tó ń jẹni níyà, àti ẹni tó ń jẹ ìyà. Mi ò rí alábẹ̀bẹ̀. Nílé ní Nàìjíríà, ta ni wọ́n ń nà láàárín wa tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀? Ìyá àgbà ni o, ará ilé ni o, ẹni tó ń kọjá lọ lásán ni o, ó máa wọlé, á ní “ẹ jọ̀ọ́, nítorí tèmi, ẹ fi jì í.” Ẹni tó ń nani gan-an ń retí rẹ̀. Ó lè gbé ọwọ́ sókè torí ó mọ̀ pé ẹnì kan máa di ọwọ́ náà mú. Alábẹ̀bẹ̀ bá ti dé, ọmọ á kúnlẹ̀, á ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà á bá a wí. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Àwọn kan wà tí alábẹ̀bẹ̀ kò tètè dé bá, àpá rẹ̀ wà lára wọn dòní.

Níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn wa tì. Bí ọkọ yín bá yọ bẹ́líìtì, ta ni yóò wọlé wá bẹ̀ ẹ́?

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni màá sọ fún yín. Ọmọ ọdún 15 ni àkọ́bí mi nígbà tó lu ọmọ kan níwájú ilé-ẹ̀kọ́, eyín ọmọ ọlọ́mọ sì kán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú un lọ sílé wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: ẹni tó bá ṣẹ̀, kó jẹ́wọ́, kó dọ̀bálẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ọ́. Ó tilẹ̀ sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, pé láti àárọ̀ lòun ti ń gbèrò rẹ̀. Bàbá ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ pè wá. Gbogbo ohun tí ọmọ mi sọ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló ti wà nínú ìwé wọn. Wọ́n ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo jókòó tì í, torí òfin ní kí àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ ọmọdé. Èmi náà ni mo ní kí la fẹ́ fi agbẹjọ́rò ṣe, nígbà tí a ò purọ́. Ó tún jẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní youth caution, ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀. Wọn kì í fún ọmọ tí kò bá jẹ́wọ́. Òfin England àti Wales ni mò ń sọ o. Lábẹ́ òfin 1974 lórí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fúnni ní irú ìkìlọ̀ yìí ló ti parí, ẹni tó ń wá iṣẹ́ lásán kò ní láti dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé, ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún gbé e jáde. Oṣù kọkànlá 2020 ni wọ́n tó yí i padà, tí ìkìlọ̀ tí wọ́n fún ọmọdé kò fi máa jáde fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ jù fún tiwa.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kí ọmọ máa purọ́. Ọmọ mi jẹ̀bi, ó sì yẹ kó jìyà. Ìyá ọmọ tó lù náà kò ní sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì àṣà ni mo kọ́ ọmọ mi. Ìdajì kejì kò sí níbi tí a wà. Mo kọ́ ọ ní ìjẹ́wọ́, mi ò sì ní ìdáríjì tó yẹ kó tẹ̀lé e láti fún un. Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò kọ́kọ́ wádìí òfin wọn. Tọ̀sán-tòru ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ohun tí mo bá lọ́wọ́ àwọn òbí mi ni mo fi tọ́ ọmọ. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, mi ò lè búra pé mi ò ní tún lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ yẹn kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún mi mọ́. Ó ti dàgbà, ó ń kí mi, kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí mi, ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé bá a, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti ń gbọ́. Ó ní òun ti gbàgbé. Mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ wá sọ fún ọmọ yín pé ohun kẹrin wà tí wọn ò kọ́ ọ: à ń jìyà kí ọ̀rọ̀ lè tán. Bí ọjọ́ mẹ́ta ilé-ẹ̀kọ́ bá pé, kí ti ilé-ẹ̀kọ́ tán. Ẹ fi yé bàbá rẹ̀ pé Beccaria, ará Ítálì, ti sọ ọ́ láti 1764 pé ìdánilójú pé ìyà máa dé ló ń dá ènìyàn lẹ́kun, ju bí ìyà náà ṣe le lọ. Ní ti nínà, òfin England ṣì gbà kí òbí fọwọ́ bá ọmọ wí níwọ̀nba, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèṣe, àwíjàre yẹn ti bọ́. Scotland ti fòfin dè é pátápátá ní 2020, Wales ní 2022.

Èyí tó kù ni ọmọ tí wọ́n ya ní fídíò. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé yín. Ní New Zealand, òfin 1989 ní kí wọ́n pe mọ̀lẹ́bí ọmọ tó ṣẹ̀ jọ pẹ̀lú ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀, kí wọ́n jọ jókòó kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe; ara àwọn Maori, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti rí i kọ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo kà á, torí ohun tí mo wá lọ sílé ọ̀gbẹ́ni yẹn gan-an nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n lè ṣètò irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọlọ́pàá bá sì dá sí i, ẹ gba agbẹjọ́rò kí ọmọ tó la ẹnu. Bí ẹ ṣe máa ṣe méjèèjì kí ó má tako ara wọn, ẹ̀yin lẹ máa fojú yín wò ó.

Ní ti gbígbé e lọ sílé, bó bá jẹ́ kó lọ mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ ìyà, ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ sọ ilé dà lójú rẹ̀, mi ò sì mọ bí ẹ ṣe máa sọ fún un lọ́la pé ilé rẹ̀ ni.

Kí bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pe ẹnì kan tí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pásítọ̀ tàbí ààfáà. Kí ẹni náà bẹ̀ ẹ́ lójú ọmọ, kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ fún ọmọ ní nọ́ńbà ẹni náà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ̀wé sí mi, màá pe bàbá rẹ̀ fúnra mi.