Ṣé àìnísùúrù ni tí mo bá ń sọ àìsàn mi fún èèyàn?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù Alfa wa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún mi, mo ṣì ń gba kímò, oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Àwa obìnrin tá a jọ ní àìsàn yìí máa ń jókòó pọ̀ ní ọsibítù ní Àlàmísì, kálukú á sọ bó ṣe ń ṣe é, Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, ara tù mí gan-an, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Mùsùlùmí tó bá ń ro àìsàn kiri ò ní sùúrù, pé orí ìrun ni kí n ti sunkún. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàláámù, ìyá wa, kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà. Ẹ máa lọ, kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín níbi tó ti wá o, torí Ànábì Yàkúbù sọ nínú Súrà Yúsúfù, áyà 86, pé Ọlọ́hun lòun ń kó ìbànújẹ́ òun lọ bá. Àmọ́ ta ló ń sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ ẹ̀ mà ni, lẹ́yìn tó ti sunkún Yúsúfù títí ojú ẹ̀ fi funfun. Ìráhùn tí wọ́n kọ̀ ni kéèyàn máa bá Ọlọ́hun fa á, kí ni mo ṣe fún Ẹ. Orí ń fọ́ ìyá wa Aisha lọ́jọ́ kan, ó ní yéè, orí mi o, Ànábì wa (s.a.w.) ò bá a wí, òun náà ní èmi gan-an ló yẹ kí n ké yéè orí mi.

Aisha yìí náà, téèyàn ẹ̀ bá kú, táwọn obìnrin tó wá kí i ti lọ tó ku ẹbí àtàwọn tó sún mọ́ ọn, á ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná kí wọ́n se talbina, ìyẹ̀fun báálì ni, ó ń ṣàn bí ògì, torí ó gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ó ń tu ọkàn aláìsàn lára, ó sì ń mú díẹ̀ kúrò nínú ìbànújẹ́. Bùhárí tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé ló gbà á wá. Àwa ńkọ́? Tó bá di wòlímọ̀, àsàlátù wa mọ bí wọ́n ṣe ń dá aṣọ ẹgbẹ́, àmọ́ tẹ́nì kan bá dùbúlẹ̀, "Ọlọ́hun á fún wọn ní àlàáfíà" lórí WhatsApp, ó parí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ti Kìrìsìtẹ́nì yẹn, ọmọ Júù kan tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì ṣàìsàn, Ànábì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ kí i, ó jókòó síbi orí ẹ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe àdúà tiwọn, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ ṣe tiyín sínú. Tó bá di Àyìlá, ẹ tẹ́ ẹní yín sí kọ̀rọ̀ kan. Àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa kímò tì kẹ́ ẹ wá ra àgbo lọ́wọ́ òun, ẹ má dá a lóhùn o jàre, Ànábì ní ká tọ́jú ara wa. Ohun tẹ́nì kan bá sì sọ níbẹ̀, ẹ má gbé e délé.

Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kí wọ́n sìn yín lọ Àlàmísì tó ń bọ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn.