Kí ló dé tí wísíkì ọlọ́dún 25 fi wọ́n tó báyìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Èmi àtàwọn àbúrò mi tá a jọ wà ní London fẹ́ dáwó jọ ra ìgò single malt kan (wísíkì ọkà bálì láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo) fún wọn, torí wísíkì ni wọ́n fẹ́ràn. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, ọlọ́dún 12 jẹ́ pọ́ùn 45, ọlọ́dún 25 láti ilé iṣẹ́ kan náà sì jẹ́ pọ́ùn 400. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? Àbúrò mi kan ní ká ra ọlọ́dún 12, ká gbé e pamọ́ fún ọdún 13, ó ní á di ọlọ́dún 25 fúnra rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò yín lóhùn: rárá o. Wísíkì kì í dàgbà nínú ìgò. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti fà á kúrò nínú àgbá igi ni ọjọ́ orí rẹ̀ dúró. Ẹ rántí bí àwọn àgbà wa ṣe ń rẹ egbò igi sínú ògógóró. Ìgbà tí egbò wà nínú ọtí ló ń mú agbára egbò yẹn. Bí ẹ bá ti sẹ́ ẹ sínú ìgò mìíràn, kò lè mú ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Igi óákù ni egbò tiwọn ní Skọ́tlándì. Ọlọ́dún 12 yín á ṣì máa jẹ́ ọlọ́dún 12 lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yín bá ń gbéyàwó.

Iye ọdún tí ẹ rí lára ìgò, ti ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ìgò yẹn ni. Bí wọ́n bá kán ọlọ́dún 12 díẹ̀ péré sínú ọlọ́dún 25, òfin ní 12 ni kí wọ́n kọ. Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà nínú ìgò pọ́ùn 400 yẹn ló ti lo ọdún 25 nínú igi, ó kéré tán.

Ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń wọlé. Àgbá igi kì í dá ọtí dúró pátápátá, ó ń mí. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọtí inú rẹ̀ máa ń bá atẹ́gùn lọ. Ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ ṣírò ó. Àgbá tí wọ́n rọ lítà 250 sí máa ku nǹkan bí lítà 196 lẹ́yìn ọdún 12, nǹkan bí lítà 150 lẹ́yìn ọdún 25, àti nǹkan bí lítà 90 lẹ́yìn ọdún 50.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ìwọ̀n 63.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára ọtí tuntun sábà máa ń jẹ́ nígbà tó bá wọ inú àgbá. Ní ojú ọjọ́ tútù Skọ́tlándì, agbára yẹn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 12, ó ṣì le dáadáa, wọ́n á wá bu omi là á títí tó fi máa wálẹ̀ sí 40 tàbí 43 kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Omi yẹn ń dá púpọ̀ padà nínú ohun tí àwọn áńgẹ́lì mu: àgbá kan lè fún wọn ní nǹkan bí 400 ìgò. Ọtí tó ti di arúgbó kò ní àyè omi mọ́, torí agbára rẹ̀ ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lítà 90 yẹn kò lè ju nǹkan bí 130 ìgò lọ. Bí agbára rẹ̀ bá sì lọ sábẹ́ 40, òfin ò gbà kí wọ́n pè é ní wísíkì mọ́. Torí ẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ àgbá ṣe máa ń wọn ọtí tó ti dàgbà léraléra.

Kì í ṣe gbogbo àgbá náà ló ń tó ọjọ́ alẹ́. Wọ́n á ki ọ̀pá bàbà gbọọrọ bọ ojú ihò àgbá, wọ́n á fà díẹ̀ sínú gíláàsì, wọ́n á tọ́ ọ wò. Mo ti tọ́ ọlọ́dún 30 kan wò tí igi ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá: adùn ọkà bálì ò sí ńbẹ̀ mọ́, ó ń korò, ó sì ń fún ahọ́n pọ̀. Irú ẹ̀ á lọ sínú àdàlù ni, tàbí kó bọ́ sófo. Èyí tó bá yege ló ń san gbèsè èyí tó bàjẹ́.

Owó tó jókòó ńkọ́? Ẹni tó rọ àgbá lọ́dún 2000 ti sanwó ọkà, òṣìṣẹ́ àti àgbá nígbà yẹn, ó sì tún ń sanwó ilé ìpamọ́ títí di 2025 kó tó rí kọ́bọ̀ kan. Bó bá jẹ́ àgbá tó ti gba sherry (wáìnì líle kan) láti Jerez ní Sípéènì ló lò, owó rẹ̀ tún ga ju ti àgbá tó ti gba bourbon (wísíkì Amẹ́ríkà) lọ dáadáa. Òfin Amẹ́ríkà ní àgbá tuntun ni bourbon gbọ́dọ̀ wọ̀, torí náà àlòkù wọn pọ̀ lọ́jà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè padà sẹ́yìn lọ rọ òmíràn. Ọjà wísíkì ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú, wọ́n sì ti ilé ìpọntí bíi Brora àti Port Ellen pa lọ́dún 1983. Wọ́n ti ṣí méjèèjì padà, Brora ní 2021, Port Ellen ní 2024, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mu ọlọ́dún 40 tuntun láti ibẹ̀ á dúró di ọdún 2060 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó orí ọtí kọ́ ló fà á o, báwọn kan ṣe ń rò. Bí agbára ọtí méjèèjì bá dọ́gba, iye kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó lé ní pọ́ùn 9. VAT nìkan ló ń bá iye ọjà gòkè.

Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ náà wà ńbẹ̀: ìgò kírísítálì, àpótí onígi, orúkọ ńlá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ta ìgò wísíkì Macallan kan tí wọ́n pọn lọ́dún 1926 ní gbàǹjo Sotheby's ní London ní iye tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́ùn. Ìgò 40 péré ló jáde nínú àgbá yẹn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Lójú tèmi, owó yẹn kì í ṣe owó ọtí mọ́.

Kí ni kí ẹ wá rà? Ọlọ́dún 25 ò dùn ju ọlọ́dún 12 lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, ẹni tó bá sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ ń polówó ọjà ni. Tó bá jẹ́ ti ẹnu, ọlọ́dún 18 ni èmi máa rà, owó tó bá ṣẹ́kù á ra ẹran. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá rí iye ọdún yẹn lórí tábìlì, ọlọ́dún 25 kì í ṣe ìnákúnàá, ọ̀wọ̀ ni. Àmọ́ bí Bàbá bá jẹ́ ẹni tó ń po Kóòkù mọ́ wísíkì, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́dún 12 ti tó. Ẹ má sì jẹ́ kí dúdú ọtí tàn yín, òfin gbà wọ́n láyè láti fi àwọ̀ karaméèlì sí i.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e dúró sí ibi tí oòrùn ò ti ní pa á. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi wáìnì, torí ọtí líle á jẹ kọ́ọ̀kì ẹnu rẹ̀. Bó bá sì ti ku bí ìdajì, kí Bàbá má tọ́jú ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, atẹ́gùn á ti gba adùn rẹ̀.