Ẹ Bi Wá: Bí Gbogbo Ilé-Ẹ̀kọ́ Ẹkùn Kan Ṣe Lè Jọ Ṣètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Márùn-ún

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ àti girama mẹ́ta tó wà ní ẹkùn wa jọ ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún. Ìpàdé mẹ́rin la ti ṣe, ìwé tí a máa rà la sì ń jà lé lórí látọjọ́ yìí. Ibo gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀? (Akọ̀wé ìgbìmọ̀)

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, akọ̀wé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ ná. Ìgbìmọ̀ tó bá kọ́kọ́ ra ìwé, àkóónú inú ìwé náà ló máa sọ di ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ á ti bá yín pinnu gbogbo nǹkan kẹ́ ẹ tó jókòó. Iṣẹ́ méjì ló ṣáájú ìwé rírà.

Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó kọ́ àwọn ọmọ lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, oṣù sí oṣù: orí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ táwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe, àti bó ṣe dán wọn wò. Ojú ìwé kan ti tó fún ẹ̀kọ́ kan. Kì í ṣe ohun tí sílábọ́ọ̀sì wí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì ni. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé olùkọ́ á rò pé wọ́n fẹ́ fi mú òun, á wá da sílábọ́ọ̀sì kọ fún yín. Torí náà, kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣèlérí lójú gbogbo wọn pé ìwé yẹn kò ní wọ fáìlì ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì mú un ṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri: kíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, oṣù láti òsì sí ọ̀tún. Kí gbogbo yín kà á láìsọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ fi bírò pupa yí ohun tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ká, kẹ́ ẹ fi búlúù sàmì síbi tí nǹkan ti já.

Èkejì, ẹ ka ọ̀sẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ 38 ni ọdún ẹ̀kọ́ yín. Ìdánwò gba 3, eré ìdárayá, ayẹyẹ àti ọjọ́ ìwọlé gba 3 míì. Ó ku 32. Ẹ má ṣètò fún 32. Ọ̀sẹ̀ 27 ni kẹ́ ẹ ṣètò fún, kẹ́ ẹ fi 5 sílẹ̀ fún àtúnkọ́ àti ohun tẹ́nì kan ò rò tẹ́lẹ̀. Bí ìṣirò bá ní pírọ́ọ̀dù márùn-ún lọ́sẹ̀, pírọ́ọ̀dù 135 lẹ ní lọ́wọ́ lọ́dún nìyẹn. Bí ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ bá wá ń béèrè 190, ohun tẹ́ ẹ máa yọ ni ìjókòó yín tó kàn. Ó máa dun àwọn kan, nítorí orí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ń kọ́ fún ọdún mẹ́wàá kì í fẹ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn olùkọ́ girama ní àwọn ọmọ tó ń tọ̀ wọ́n bọ̀ kò mọ ìdá. Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn kọ́ wọn. Ta ni ká gbà gbọ́? (Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan)

Ìdáhùn: Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́, ọ̀gá. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní “kíkọ́ ìdá” kọ́ ni ẹnì kejì ń pè bẹ́ẹ̀. Oríkèé tó wà láàárín kíláàsì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e gan-an ni ètò ọlọ́dún púpọ̀ ti máa ń ṣẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó ni ín.

Ẹ kọ ọ́ bí àtẹ̀gùn. Kíláàsì kẹta: pípín odindi sọ́nà dọ́gbadọ́gba àti fífi ìdá sórí ìlà nọ́ńbà. Ìkẹrin: pé 1/2 àti 2/4 dọ́gba, àti ìdí rẹ̀. Ìkarùn-ún: àròpọ̀ àti àyọkúrò ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀. Ìkẹfà: ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọnìyàn ní Amẹ́ríkà, ti dábàá lọ́dún 1960 pé kí ẹ̀kọ́ máa padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà, kó sì máa jinlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ gbá ìpadà náà mú, wọ́n gbàgbé ìjinlẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ohun tó lé sí ti ọdún tó kọjá, oyípo lásán ni.

Ẹ yé lo “kí ọmọ mọ̀” àti “kí ó lóye”. Ẹ kọ ìbéèrè márùn-ún tí ọmọ tó ń kúrò ní kíláàsì kẹfà gbọ́dọ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ: omi 3/4 lítà wà nínú ike, a bu 1/3 lítà kúrò, mélòó ló kù? Ìdáhùn ni 5/12. Ọmọ tó bá yọ òkè kúrò lára òkè, tó yọ ìsàlẹ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀, á ní 2/1, ìyẹn lítà méjì látinú ike tí kò tó lítà kan! Ìdáhùn yẹn ń sọ pé ó mọ ìṣísẹ̀ ọwọ́, kò mọ ohun tí ìdá jẹ́. Ẹ mú ìwé ìdáhùn 20, ẹ bo orúkọ, kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti ti girama kan máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi wéra. Ibi tí máàkì wọn ti yàtọ̀ ni kí wọ́n jókòó lé. Wákàtí méjì bẹ́ẹ̀ sàn ju ìpàdé mẹ́wàá lọ.

Ìbéèrè: Ènìyàn mélòó ló yẹ kó wà nínú ìgbìmọ̀? (Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì)

Ìdáhùn: Mẹ́sàn-án sí méjìlá fún ẹ̀kọ́ kan, láti gbogbo ìpele, pẹ̀lú olùkọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Lọ́dọọdún, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta péré, kí ìmọ̀ má bàa bá ẹni tó kúrò lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àsìkò iṣẹ́. Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìjáde ilé-ẹ̀kọ́, oorun ló ń bá a jà.

Ìbéèrè: Ṣé ètò ọlọ́dún márùn-ún kò ní gbó kó tó parí? (Òbí nínú ìgbìmọ̀)

Ìdáhùn: Yóò gbó bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀kọ́ kan ni kó máa wọlé lọ́dún kan: ọdún kìíní àyẹ̀wò, ìkejì kíkọ àti dídánwò ní kíláàsì díẹ̀, ìkẹta gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ìkẹrin kíkíyèsí iṣẹ́ àwọn ọmọ, ìkarùn-ún àtúnṣe. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán ètò náà wò lọ́dún kejì, ẹ má ṣe mú ilé-ẹ̀kọ́ tó dáa jù nìkan, torí ohun tó bá yọrí níbẹ̀ lè má yọrí níbòmíì.

Ẹ má sì ṣe kọ ètò ọjọ́ sí ọjọ́. Bí ọmọ bá pàdánù ọjọ́ méjì, olùkọ́ á máa sáré tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà, á fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ẹ so ìtẹ̀léra àwọn orí ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀, ẹ fún orí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, kí olùkọ́ yan ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ ọ. Kí fáìlì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú déètì lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ẹnì kan péré ló láṣẹ láti yí i padà. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì, ilé-ẹ̀kọ́ mọ́kànlá á ní ètò mọ́kànlá.