Íntánẹ́ẹ̀tì ti wà kí wẹ́ẹ̀bù tó dé

Ẹ béèrè bóyá Tim Berners-Lee ni ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Rárá o, wẹ́ẹ̀bù ni tirẹ̀, ìyẹn àwọn ojú-ewé tí à ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì; íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Ọdún 1989 ni ó kọ àbá rẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Yúróòpù, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Owó ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ìyàtọ̀ yìí.

Ní ọdún 2004, mo ní sáíbà kaféè kékeré kan ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ojú-ewé kankan kò ṣí mọ́, àwọn oníbàárà sì ń na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi pé kí n dá owó àwọn padà. Mo dá a padà fún gbogbo wọn, àfi ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí igun, tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí Yahoo Messenger, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé tí ó ń jáde, kò sì yé mi. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan tó là mí lóye: ọ̀nà kò dí rárá, ẹ̀rọ tí ó ń bá wa sọ orúkọ ojú-ewé di nọ́ńbà ni ó daṣẹ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀. Lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀ wá, tí ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ti Yunifásítì UCLA lọ sí Stanford Research Institute ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, kọ̀ǹpútà kò pọ̀. Nígbà tó yá, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni ó gba orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wọn. Ọ́fíìsì tí Elizabeth Feinler jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé á fi tó wọn létí, àwọn yòókù á sì wá da fáìlì náà kọ. Iṣẹ́ ńlá ni, a kì í sì í dárúkọ obìnrin yìí tó. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, apá ọ́fíìsì kan kò ká a mọ́. Ní 1983, ọdún kan náà tí ARPANET bọ́ sórí TCP/IP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti Vint Cerf àti Bob Kahn, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀, tí ó pín ìwé orúkọ náà ká ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ DNS ni ó daṣẹ́ sílẹ̀ ní kaféè mi. Messenger ọmọbìnrin yẹn ti rí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí ó ń wá gbà kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́, kò sì ní ohun tí yóò tún béèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti lẹ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò kí n tó dá owó ẹnikẹ́ni padà: bí ó bá dáhùn, ọ̀nà kò dí.