Ohun tí ọwọ́ osteopath lè ṣe sí sàyátíkà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa sàyátíkà, ìrora tó ń ta láti ìdí dé gìgísẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 3, tí ẹ sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ dá yín léegun: osteopath, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú eegun àti ẹran ara, lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ́wọ́ tó lè ti dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, padà sáàyè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn, ẹ sá fún un.

Ọ̀kan nínú dísìkì méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ẹ̀yìn, L4/L5 tàbí L5/S1, ló sábà máa ń fún gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó lọ sí ẹsẹ̀. Nígbà míì, ẹran inú ìdí tí wọ́n ń pè ní piriformis ló le gbagidi tó dì mọ́ ọn. Ìtọ́jú yìí ń dẹ ẹran tó ti ki yíká ẹ̀yìn, kí ìbàdí lè yí, kí ẹ lè máa rìn.

Kó tó fọwọ́ kàn yín, ó yẹ kó ní kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ yín sókè ní nínà. Tí ìrora bá ta kọjá orúnkún láàárín ìwọ̀n dígírì 30 sí 70, ó jọ pé gbòǹgbò iṣan ló ń bínú. Kó tún ní kí ẹ fi gìgísẹ̀ rìn, kí ẹ sì fi ọmọ ìka rìn. Tí kò bá yẹ èyí wò, ẹ dìde.

Kò pọn dandan kí ẹ̀yìn dún kà. Ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Dípò ìyẹn, ó lè ká ẹsẹ̀ yín, kí ẹ rọra tì í lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ dẹra, kó wá gbé e síwájú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún. Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé gbogbo agbára ni wọ́n fi ń tì í, ẹran náà á sì tún ki padà.

Kí ara ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú. Ibi tí ìrora wà ni kí ẹ máa ṣọ́: tó bá kúrò lẹ́sẹ̀ tó gòkè wá sí ìdí, ó ń sàn nìyẹn, kódà bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí osteopath dáwọ́ dúró. Tí ìlọ 4 ò bá yí nǹkan kan padà, ẹ má sanwó ìkarùn-ún.

Nílé, ẹ má jókòó pẹ́, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má sì máa fa ẹ̀yìn itan tipátipá. Ó ń ṣe bí ẹran tó le, iṣan tó ń bínú ni.

Tí abẹ́ bá kú tipiri, tí ìtọ̀ ò jáde, tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lọ́jọ́ náà gan-an.