Kí ló dé tí ilá tí mo sá fi ń bu nínú ike?

Omi ni. Ilá yẹn kò tíì gbẹ dénú kí ẹ tó dé e pa. Ojú rẹ̀ lè ti gbẹ kí inú ṣì tutù.

Tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe orúnlá, ẹ fọ ilá kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ lọ́gbọọgba; àwọn tó nípọn ló máa ń kó bá ìyókù. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí atẹ tàbí nẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà sí eruku títì. Nígbà ọyẹ́, ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ 2 sí 4. Ẹ máa kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì. Lásìkò òjò, kí n má tàn yín, ẹ fi oòrùn sílẹ̀, kí ẹ lo ààrò iná mànàmáná ní nǹkan bí 60°C, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan wò. Tó bá dún pá, ó ti gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ bí awọ, ó kù. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó kó o sínú ìgò, kí ẹ sì máa wo ìgò náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ooru bá ṣe omi sára ìgò, ẹ tún un sá.

Ti kòkòrò kò le: ẹ kọ́kọ́ gbé ilá tó ti gbẹ náà sínú fírísà fún ọjọ́ 2 kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó ti bu yẹn, ẹ dà á nù pátápátá. Májèlé tí èébu ń ṣe lè má kú sínú ọbẹ̀ tó ń hó.