Ikọ́ yìí, oògùn wo ló bá a mu? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ọyẹ́ ti dé, eruku gba ìgboro, lẹ́tà lórí ikọ́ sì ń wọlé. A mú márùn-ún nínú wọn. Àwọn apòògùn tó ń bójú tó abala yìí ló dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oògùn ikọ́ oríṣi mẹ́ta ni mo ti rà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan máa ń jẹ́ kí oorun kùn mí, ọ̀kan ní òun ń rọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀kan ní òun ń dá ikọ́ dúró. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń lò pọ̀, ikọ́ ò lọ. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? — Awakọ̀, Òṣogbo

Ìdáhùn: Oògùn yẹn lè jẹ́ ojúlówó, kó jẹ́ pé bí ẹ ṣe pa wọ́n pọ̀ ni ìṣòro. Ikọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Bí eruku, èéfín tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá kan ara ọ̀nà èémí, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára á mú ìròyìn lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ọpọlọ á pàṣẹ, àyà àti ikùn á fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á sì fi agbára tú jáde. Ara ń gbá ilé rẹ̀ mọ́ ni.

Àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní oògùn ikọ́ kò wá ṣe iṣẹ́ kan náà. Dextromethorphan, tó máa ń wà nínú èyí tí wọ́n kọ ikọ́ gbígbẹ sí lára, inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́: kì í jẹ́ kí àṣẹ yẹn tètè jáde. Guaifenesin ń fi omi kún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kó lè rọ̀. Bromhexine, ambroxol àti carbocisteine ń dín kíki rẹ̀ kù. Chlorphenamine, promethazine àti diphenhydramine jẹ́ oògùn àlẹ́jì. Àwọn ló ń mú oorun wá, wọ́n sì ń gbẹ omi imú àti ti ọ̀fun. Nínú ọ̀ràn tiyín, ìgò kan ń rọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kí ẹ lè wú u jáde, èkejì ń sọ fún ọpọlọ pé kó má wúkọ́, ẹ̀kẹta sì ń gbẹ ohun tí ti àkọ́kọ́ ń rọ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Èyí tó ń kun yín lóorun, ẹ má fi wa ọkọ̀ rárá. Bí ẹ bá lò ó lálẹ́, oorun rẹ̀ lè ṣì wà lójú yín láàárọ̀.

Ikọ́ tí ọ̀fìnkìn fà lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lọ tán, kò sì sí oògùn olómi tó dá wa lójú pé ó ń gé àkókò yẹn kúrú. Ìtura lásán ni wọ́n ń fún ni, pàápàá lóru. Fún àgbàlagbà, ṣíbí oyin kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè fún un ní ìtura tó bá ti ọ̀pọ̀ wọn dọ́gba, kò sì wọ́n tó wọn.

Nígbàkigbà tí ẹ bá ra oògùn, ẹ yí ìgò rẹ̀ padà, ẹ ka orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ńlá tó wà níwájú. Bí ìgò méjì bá ní chlorphenamine, ìlọ́po méjì lẹ ń lò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni paracetamol, tó máa ń fara pamọ́ sínú oògùn ọ̀fìnkìn: àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá hóró 8 oní-500 mg láàrin wákàtí 24, torí ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ní ti codeine, ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní in àti kíkó o wọlé láti oṣù karùn-ún 2018. Ó ń di bárakú, ó sì lè dín èémí ènìyàn kù títí yóò fi dúró. Ẹni tó bá ń fà á yọ fún yín lábẹ́ káńtà kò fẹ́ràn yín.

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ. Ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ dí, kì í sùn. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un ní ìlàjì ṣíbí nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n sì rọ epo pupa díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ṣé kí n ṣe é? — Ìyá ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe méjèèjì o. Ẹ fi ìwé yìí han màmá, torí ire ọmọ ni àwọn náà ń wá. Oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń tà lórí káńtà kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ní Britain, láti 2009 ni wọ́n ti sún un dé ọdún mẹ́fà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Promethazine pàápàá lè dá èémí ọmọdé dúró lójú oorun. Epo pupa lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì dá òtútù àyà sílẹ̀ níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Kódà oyin tí a gbà fún àgbàlagbà lókè yìí, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ìkókó kò tíì lè bá jà, tí oró rẹ̀ ń mú gbogbo iṣan ara ọmọ rọ. Ẹ má fi Robb sí ihò imú rẹ̀ náà.

Ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ ni omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú, tó wà ní ilé oògùn. Ẹ kán ẹ̀kán 2 tàbí 3 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan kó tó mu ọmú, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun fà á jáde. Ẹ máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ má sì dáná igi tàbí kẹrosíìnì nítòsí rẹ̀.

Kí ẹ tó sùn, ẹ ka èémí rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí kò bá sunkún, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo bí ikùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Fún ọmọ oṣù 2 sí 11, bó bá tó 50, ó ti yára jù. Fún ọmọ ọdún 1 títí dé kó tó pé 5, 40 ni. Fún èyí tí kò tíì pé oṣù 2, 60 ni. Bó bá yára bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òtútù àyà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń fa èémí, bí kò bá lè mu ọmú mọ́, tàbí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Amoxicillin tí wọ́n fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣírò ni wọ́n sábà fi ń wo òtútù àyà tí kò tíì le. Oògùn ikọ́ ò lè pa kòkòrò rẹ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà tó dùn wá. Kẹ́míkà kan ń jẹ́ diethylene glycol. Ó dùn lẹ́nu, ó jọ àwọn èròjà tí wọ́n fi ń po oògùn olómi, ó sì pọ́ọ́kú jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń bàjẹ́. Òun ló wà nínú oògùn paracetamol olómi tó pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990. Òun náà ló wà nínú My Pikin, oògùn eyín tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà láti 2008 wọ 2009. Ní 2022, ọmọ tó lé ní 60 ló kú ní Gambia nítorí irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, NAFDAC tún ní kí wọ́n kó oògùn ikọ́ ọmọdé kan kúrò lórí àtẹ lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá mu oògùn olómi èyíkéyìí, tó wá ń bì, tí kò sì tọ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, ní ásímà. Wọ́n fún un ní ìnhélà aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ búráùn. Ẹbí ní ìnhélà ń ba ọkàn jẹ́, pé ó ń di bárakú, kí n máa fún un ní oògùn oníhóró. Ti búlúù náà kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí. Ẹran tó yí ọ̀nà èémí ká ń fún un pọ̀, inú ọ̀nà náà sì ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dí i. Salbutamol, ìyẹn ti búlúù, ń tú ẹran tó fún pọ̀ yẹn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ń tó wákàtí 4 sí 6, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú. Ti búráùn, tó sábà máa ń jẹ́ beclometasone, ló ń wo wíwú. Kì í fún ni ní ìtura lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń pa á tì. Àárọ̀ àti alẹ́ ni kó máa lò ó, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. Láti 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé sọ́nà lórí ásímà, ti ní kí ẹni ọdún 12 sókè má ṣe máa lo salbutamol nìkan. Ti búlúù tí kò ràn án mọ́ ń sọ fún yín pé wíwú ti pọ̀.

Ní ti ọkàn, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ìnhélà kan, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, 100 microgram ni. Hóró salbutamol kan tó jẹ́ 4 mg jẹ́ 4,000 microgram, ìyẹn títẹ̀ 40. Hóró yìí á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọkàn á máa sáré. Ìnhélà ń lọ tààrà síbi tí ìṣòro wà. Kì í sì í ṣe bárakú. Àìsàn náà ló ṣì wà lára ọmọ.

Ẹ tún ní kó lò ó lójú yín. Kó gbọ̀n ọ́n dáadáa, kó mí síta tán, kó fi ètè dì í, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Kó fà á títí àyà yóò fi kún, kó di í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó dúró tó ìṣẹ́jú kan kó tó tẹ èkejì. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí èéfín tó ń jáde lẹ́nu tàbí nímú rẹ̀, oògùn ò dé ẹ̀dọ̀fóró. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ kó tó fa èémí: ẹ̀yìn ọ̀fun ni gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́.

Ike omi ml 500 lè yanjú èyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má nù ún. Ẹ fi wáyà gbígbóná lu ìdí rẹ̀ ní ihò tó bá ẹnu ìnhélà mu géérégé, kí ẹ sì fi téèpù dí etí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní yọ. Ọmọ á fi ẹnu ike sẹ́nu, ẹ tẹ ìnhélà lẹ́ẹ̀kan, á mí sínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìwádìí tó jáde ní South Africa ní 1999 fi hàn pé irú ike tí wọ́n dí etí rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọmọdé bí èyí tí wọ́n ń rà. Bó bá ti lo ti búráùn tán, kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kí ẹnu rẹ̀ má baà funfun. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara rẹ̀: ìnhélà oní-200 tí wọ́n ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, 50 ọjọ́ ló máa lò. Lẹ́yìn náà, ó ṣì lè máa dún, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

Bí ásímà bá gbé e dìde, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ jókòó tì í, ẹ tẹ ti búlúù sínú ike lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ ti máa wá ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 58 ni mí. Láti ìgbà tí mo ti ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀fun ti ń yún mi tí mo sì ń wú ikọ́ gbígbẹ. Oògùn ikọ́ ò mú un. — Màmá kan, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ó jọ pé lisinopril náà ló ń fà á, màmá. Ó ń jẹ́ kí èròjà kan tó ń jẹ́ bradykinin pọ̀ nínú ọ̀nà èémí, òun ló ń rín ọ̀fun. Ramipril àti enalapril ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru. Ẹ sọ fún dókítà, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan tàbí irú rẹ̀. Ikọ́ náà sábà máa ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ikọ́ mi ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo ti lo Ampiclox àti ciprofloxacin. Mo ń làágùn lóru, mo sì ń rù. — Oníṣòwò, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ẹ má ra oògùn mìíràn mọ́. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikọ́ ife, tí wọ́n ń pè ní TB, ló kàn, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe é. Ampiclox kò ran TB. Ciprofloxacin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè fọwọ́ rọ́ kòkòrò náà sẹ́yìn díẹ̀, kí ara yín yá fún ìgbà díẹ̀, kí àyẹ̀wò má sì tètè rí i.

Bó bá jẹ́ TB tí oògùn ń ràn, oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n pa wọ́n pọ̀ nítorí pé bí ẹ bá fi ọ̀kan ṣoṣo bá a jà, ìwọ̀nba kòkòrò tó lè fara dà á ló máa ṣẹ́kù, tí á sì máa bí sí i. Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin náà, á jẹ́ kí ìtọ̀ yín pọ́n bí omi ọsàn, kò léwu. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró ní oṣù kejì torí ara ti yá, ibẹ̀ ni èyí tí oògùn kò ràn mọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹ máa gbé lọ gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ àyà wá, itọ́ lásán kò ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ bọ́ síta gbangba kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn, ẹ fa èémí jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wúkọ́ tagbáratagbára sínú ike tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ gbé e dé yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà.